Nọ́ọ̀tì kíráǹkì tó há àti èyí tí orí rẹ̀ ti jẹ: ìfiwéra àwọn ọ̀nà àtitú u lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan ni kẹ̀kẹ́ tó ní táyà ẹyọ kan péré. Ohun mẹ́ta ló pàdé níbi tí nọ́ọ̀tì yìí wà, owó wọn kò sì dọ́gba rárá. Nọ́ọ̀tì ni owó rẹ̀ kéré jù. Kíráǹkì tó dì mú, ìyẹn apá irin tí pẹ́dàlì wà lórí rẹ̀, ló tẹ̀ lé e. Ásù, ìyẹn ọ̀pá irin tó gba inú họ́ọ̀bù (àárín táyà, níbi tí sípóòkù ti bẹ̀rẹ̀) kọjá, tí a ki kíráǹkì ọ̀tún àti tòsì bọ̀ lórí, ló wọ́n jù lọ. Lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, ásù àti họ́ọ̀bù kì í yà. Ẹni tó bá ba tíréèdì ásù, ìyẹn ilà tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀, jẹ́ ti ba họ́ọ̀bù jẹ́ nìyẹn, kò sì sí bí a ṣe lè pààrọ̀ họ́ọ̀bù láìtú gbogbo sípóòkù, tó sábà máa ń jẹ́ 36, ká tó tún wọn hun padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fi ń wọn gbogbo ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni ọ̀nà yìí máa jẹ? Èyí tó máa jẹ nọ́ọ̀tì nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Èyí tó máa jẹ kíráǹkì, ẹ fi í sí ìkẹyìn. Èyí tó lè kan ásù, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ṣe é nílé. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Nídìí nọ́ọ̀tì kíráǹkì, ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹ.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan kò ní ṣéènì, kò sì ní firíwíìlì. Ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún ló ń ti táyà síwájú, ẹsẹ̀ náà ló sì ń dá a dúró. Kíráǹkì rẹ̀ ń gba agbára síwá sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, àgàgà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń fi í dárà, tí wọ́n ń fò, tí wọ́n ń padà sẹ́yìn lójijì. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀tì fi ń dẹ̀. Tó bá dẹ̀, ẹni tó ni ín á dì í kankan. Òjò Abuja tó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, tó ń lọ dé oṣù Kẹwàá, á wọ inú ihò rẹ̀. Ọyẹ́ á wá gbé eruku lé ìpẹtà náà lórí. Nígbà tí ẹ bá fi máa fẹ́ pààrọ̀ kíráǹkì, nọ́ọ̀tì àti ásù ti lẹ̀ mọ́ra.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣe é

Nọ́ọ̀tì tó há àti nọ́ọ̀tì tó jẹ kì í ṣe àìsàn kan náà, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Èyí tó há, igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà orí rẹ̀ ṣì mú, sípánà ń dì í mú dáadáa, ṣùgbọ́n kò mira. Èyí tí orí rẹ̀ jẹ ti di róbótó, sípánà ń yọ̀ lórí rẹ̀. Èyí tí tíréèdì inú rẹ̀ jẹ ń yí lásán, kò wọlé, kò jáde. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ti kejì ń wá láti ara àkọ́kọ́: nọ́ọ̀tì há, wọ́n fi sípánà tí kò bá a mu fipá yí i, orí rẹ̀ jẹ. Ẹ wo tiyín dáadáa, torí pé ẹni tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ há lásán kò nílò ajórin.

Ẹ tún wo ibi tí ẹ ń yí i sí. Nọ́ọ̀tì kíráǹkì méjèèjì, ti ọ̀tún àti ti òsì, ọwọ́ òsì ni a ń tú wọn sí, lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Pẹ́dàlì òsì nìkan ni tirẹ̀ yàtọ̀, tí tíréèdì rẹ̀ lọ sódì. Ẹni tó bá mọ ti pẹ́dàlì máa ń rò pé nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ òsì náà á lọ sódì, á wá máa dì í nígbà tó rò pé òun ń tú u. Mo gbà pé púpọ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní "ó há" ní ẹ̀gbẹ́ òsì, bí wọ́n ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn.

Ìfiwéra yìí dá lórí ásù onígun mẹ́rin tí nọ́ọ̀tì dì, torí òun ló wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ sábà máa ń gba sípánà 14 tàbí 15. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bóòtù ni wọ́n ń lò dípò nọ́ọ̀tì. Irú tí wọ́n ń pè ní ISIS, tí ásù rẹ̀ ní eyín 10, bóòtù ni tirẹ̀ náà, púlà rẹ̀, ìyẹn irinṣẹ́ tí a fi ń yọ kíráǹkì lára ásù, sì yàtọ̀. Ẹ má ṣe lo púlà onígun mẹ́rin fún un, torí orí rẹ̀ kéré, inú ihò ásù ló máa wọ̀ lọ.

Gbogbo ọ̀nà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ọ̀nà | Ó dára fún | Ohun tó lè jẹ | Ọ̀dọ̀ ta ló wà |
|---|---|---|---|
| Sọ́kẹ́ẹ̀tì tín-ínrín tàbí sípánà T, pẹ̀lú epo | nọ́ọ̀tì tó há, tí igun rẹ̀ ṣì mú | kò sí, tí ẹ bá ní sùúrù | mẹkáníìkì ọ̀kadà |
| Ooru | nọ́ọ̀tì tí epo kò ràn | bẹ́árìn, àti kíráǹkì alumíníọ̀mù | ilé, ọ̀dọ̀ ajórin |
| Sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí a fi hámà kì bọ̀ ọ́ | orí tó jẹ díẹ̀ | nọ́ọ̀tì, nígbà míì sọ́kẹ́ẹ̀tì náà | mẹkáníìkì èyíkéyìí |
| Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí inú rẹ̀ ní eyín lílọ́ | orí tó ti di róbótó | nọ́ọ̀tì | àwọn tó ń ta irinṣẹ́ mọ́tò |
| Jíjó nọ́ọ̀tì míì mọ́ ọn lórí | orí tó jẹ tán, tó tún há | nọ́ọ̀tì. Bẹ́árìn tí wọn kò bá ṣọ́ra | ajórin |
| Ṣísẹ́ẹ̀lì tàbí dírìlì | nọ́ọ̀tì tó ń yí lásán | nọ́ọ̀tì. Ásù tí ọwọ́ bá yẹ̀ | ọ̀dọ̀ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ |
| Ríré kíráǹkì kúrò | nígbà tí gbogbo rẹ̀ kùnà | kíráǹkì | oníṣẹ́ irin |

Sọ́kẹ́ẹ̀tì: ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, tó sì sábà máa ń parí sí

Nọ́ọ̀tì kíráǹkì kò yọ síta. Inú ihò ló jókòó sí, ní àárín kíráǹkì. Sípánà fúláàtì kò lè dé ibẹ̀, fáìsì-gíríìpù kò lè gbá a mú, rẹ́ǹjì páìpù kò tilẹ̀ wúlò rárá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ló lè wọlé, kì í sì í ṣe gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí tí àwọn mẹkáníìkì mọ́tò ń lò nípọn lára. Tó bá dé ẹnu ihò, á dúró síbẹ̀, ìdajì orí nọ́ọ̀tì nìkan ló máa gbá mú. Ìdajì yẹn ló máa jẹ nígbà tí ẹ bá fi agbára sí i.

Ẹ wo inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà kí ẹ tó gbà á. Àwọn kan ní igun mẹ́fà, àwọn kan ní méjìlá. Oníméjìlá yá láti ki bọ nọ́ọ̀tì, àmọ́ etí igun nìkan ló ń tẹ̀, nígbà tí onímẹ́fà ń tẹ ara ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì. Fún nọ́ọ̀tì tó há, onímẹ́fà ni kí ẹ lò, ẹ má ṣe gba òmíràn, bí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tilẹ̀ búra pé ìkan náà ni wọ́n.

Irinṣẹ́ tó bá ihò yìí mu jù nílẹ̀ wa ni sípánà T tí àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà ń lò. Ó gùn, ara rẹ̀ tín-ínrín, ẹnu rẹ̀ ní igun mẹ́fà, 14 sì wà lára àwọn ìwọ̀n tí kì í wọ́n lọ́wọ́ wọn. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò ní àárín ìlú Abuja, nítorí náà ẹ má wá mẹkáníìkì rẹ̀ ní Wuse tàbí Maitama. Ẹ lọ sí Nyanya, Kubwa, Lugbe tàbí Gwagwalada.

Mo dúró ti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní Nyanya nígbà tó ń tú irú nọ́ọ̀tì yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ojú sí bó ṣe ṣe é. Kò kọ́kọ́ mú sípánà. Sípóòkù àtijọ́ ló mú, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ ha eruku tó ti dì yí nọ́ọ̀tì ká, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti rẹ sínú kẹrosíìnì fọ inú ihò náà títí tí ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì fi hàn ketekete. Ó wá ki T bọ inú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí rẹ̀ wọlé, ó tẹ etí sí i. Ìró rẹ̀ yí padà nígbà tí ẹnu sípánà kan ìsàlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi di táyà mú," ni ó wí fún ẹni tó ni kẹ̀kẹ́. Ó ki páìpù kúkúrú bọ ọwọ́ T, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, nọ́ọ̀tì sì ké. Eruku tó wà nídìí nọ́ọ̀tì ni gbogbo àwọn tó ti gbìyànjú ṣáájú rẹ̀ kò kà sí, òun ló sì ń ti sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn síta.

Bí ẹ bá dá nìkan wà, wàhálà tó kù ni pé kẹ̀kẹ́ yìí kò ní firíwíìlì: bí ẹ bá ti ń yí nọ́ọ̀tì, táyà ló ń bá a yí. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ sípánà àti kíráǹkì sún mọ́ra bí ẹnu ẹ̀mú, kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì fún wọn pọ̀. Agbára yín kò ní sá lọ síbi kankan, sípánà kò sì ní yẹ̀ kó fi ìka yín gbá sípóòkù.

Epo àti ooru

WD-40, epo inú agolo tí a ń fín, dára, kò sì wọ́n ní Abuja. Kẹrosíìnì tí ẹ da epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pọ̀ mọ́ náà ń ṣiṣẹ́, ohun tó ń fẹ́ ni àkókò. Láàárín méjèèjì, ẹni tó bá ń kánjú kó ra WD-40, ẹni tó bá lè dúró di ọ̀la kó lo kẹrosíìnì. Pẹtiróòlù kò sí nínú rẹ̀ rárá: ó ń gbẹ kó tó wọlé, iná sì ń bẹ níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa fi epo sí i ṣe pàtàkì ju irú epo lọ. Ẹ tẹ́ kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kí ihò nọ́ọ̀tì kọjú sókè, kí epo lè dúró nínú rẹ̀. Ẹ fi hámà kékeré máa kan orí nọ́ọ̀tì pẹ́pẹ́ẹ́pẹ́, kì í ṣe láti lù ú, kí epo lè rí ọ̀nà wọ tíréèdì. Ṣùgbọ́n ẹ má da á bí omi. Bẹ́árìn wà lẹ́yìn kíráǹkì, kẹrosíìnì sì ń fọ gíríìsì. Ẹ̀kán díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín òru, ti tó.

Ooru ló yẹ kó tẹ̀ lé epo, ó sì ní ibi tó yẹ kó dé. Kíráǹkì tó bá fúyẹ́, tó ń dán bíi fàdákà, tí mágnẹ́ẹ̀tì kò lẹ̀ mọ́, alumíníọ̀mù ni. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n kó tó yọ́. Ní ìwọ̀n ooru 660 °C ó ti di omi, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fi àmì kankan hàn yín. Kódà kó tó tó bẹ́ẹ̀, tó bá ti ju 200 °C lọ, líle tó fún un lágbára á ti kúrò lára rẹ̀, á wá máa tẹ̀ nígbà tí ọmọ bá fò lé e. Rọ́bà tó bo bẹ́árìn kò lè fara da tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ gbé kíráǹkì lé iná èédú, ẹ má gbà fún un.

Èyí tí mo fọwọ́ sí ni omi tó hó. Ẹ fi aṣọ di ẹ̀yìn kíráǹkì kí omi má baà dé bẹ́árìn, kí ẹ da omi náà sórí nọ́ọ̀tì, kí ẹ sì ki sípánà bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Alumíníọ̀mù ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin nínú ooru kan náà, torí náà omi gbígbóná tún ń ran kíráǹkì fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ láti tú lára ásù. Iná gáàsì kékeré wà fún nọ́ọ̀tì nìkan, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti nu gbogbo epo kúrò.

Bí orí rẹ̀ bá ti jẹ

Bí nọ́ọ̀tì 14 bá jẹ díẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 onígun mẹ́fà tí a fi hámà kì bọ̀ ọ́ ló yá jù. Kí ẹ tó lu ohunkóhun, ẹ fi igi gbé ìdí ásù ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ìlù hámà gba inú ásù lọ sínú igi. Tí kẹ̀kẹ́ bá kàn dúró lórí férémù rẹ̀, bẹ́árìn ló máa gba gbogbo ìlù náà. Lára ọ̀pọ̀ irú họ́ọ̀bù yìí, bẹ́árìn 6203 ni wọ́n ń lò, ó sì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ẹ ó fi ra á nítorí nọ́ọ̀tì kan.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí inú rẹ̀ ní eyín lílọ́ sàn ju èyí lọ bí orí bá ti di róbótó. Bí ẹ bá ṣe ń yí i sósì ni eyín rẹ̀ ń bu nọ́ọ̀tì jẹ, tó ń gbá a mú sí i. Àbùkù rẹ̀ ni pé ara rẹ̀ nípọn nígbà míì. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ inú ihò kí ẹ tó sanwó.

Tí méjèèjì bá kùnà, ó ku ajórin àti ṣísẹ́ẹ̀lì, ibí yìí sì ni èrò mi yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀rù iná máa ń bà wọ́n, wọ́n á wá gbé ṣísẹ́ẹ̀lì. Èmi, ajórin ni mo yàn. Ó máa fi wọ́ṣà lé orí nọ́ọ̀tì tó jẹ, á fi nọ́ọ̀tì ńlá lé wọ́ṣà, á sì jó wọn pọ̀ láti inú. Ẹ ti rí orí tuntun tí sípánà lásán lè dì mú nìyẹn. Ooru iná jíjó sì ti wọ nọ́ọ̀tì àtijọ́ náà, ó ti tú ìpẹtà rẹ̀. Ohun méjì lẹ ń rí nínú ẹyọ kan, nọ́ọ̀tì nìkan ló sì kú.

Àmọ́ ẹ dúró ti ajórin yẹn. Ibi tó máa fi wáyà ilẹ̀ há ṣe kókó: ara kíráǹkì náà gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tì, ni kó fi í sí. Tó bá fi í há ara férémù tó wà lójú rẹ̀, inú bẹ́árìn ni iná máa gbà kọjá, á sì sọ inú rẹ̀ di oníhòhò. Ẹ fi aṣọ tútù bo rọ́bà táyà àti ẹ̀yìn kíráǹkì. Bí nọ́ọ̀tì bá jẹ́ irú tí wọ́n fi síńkì bò, èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ìta gbangba ni kó ti jó o. Kó sì jẹ́ kó tutù díẹ̀ kó tó yí i.

Ṣísẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀: ẹ fi gé ojú kékeré sí etí nọ́ọ̀tì, kí ẹ wá dá ṣísẹ́ẹ̀lì tì, kí ẹ máa lù ú sí ọwọ́ òsì. Ó ń ṣiṣẹ́ lára nọ́ọ̀tì tí kò há púpọ̀. Lára èyí tó há gan-an, ìlù tó pọ̀ ló máa gbà, inú ihò tóóró sì ni ẹ ti ń lù ú. Bí a bá ní ká gé nọ́ọ̀tì, a lè gé tíréèdì ásù, a sì ti mọ iye tí ìyẹn ń ná ni.

Bí nọ́ọ̀tì bá ń yí lásán

Tíréèdì ló ti jẹ. Ẹ wá ohun tín-ínrín, bíi ṣóńṣó súkúrúdíráfà, kì bọ abẹ́ wọ́ṣà, kí ẹ máa gbé e sókè bí ẹnì kejì ti ń yí i sósì. Ó sábà máa ń jáde bẹ́ẹ̀. Tó bá kọ̀, ẹ lo dírìlì: ihò kan sí ara nọ́ọ̀tì ní ọ̀tún, ihò kan ní òsì, láì kan tíréèdì tó wà láàárín, kí ẹ wá fi ṣísẹ́ẹ̀lì la ìyókù. Ọwọ́ ẹni tó di dírìlì mú gbọ́dọ̀ balẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu dírìlì tó tóbi.

Lẹ́yìn tó bá jáde, ẹ wo tíréèdì ásù. Bí ó bá kàn tẹ̀ ní etí, fáìlì kékeré onígun mẹ́ta lè tún un ṣe. Bí ó bá ti fá, oníṣẹ́ lẹ́ẹ̀tì ló kù.

Kíráǹkì kò tíì jáde

Títú nọ́ọ̀tì kọ́ ni òpin. Kíráǹkì ṣì fún mọ́ ásù, púlà ló sì máa yọ ọ́. Tíréèdì púlà onígun mẹ́rin jẹ́ mílímítà 22, àlàfo rẹ̀, ìyẹn àyè tó wà láàárín ilà tíréèdì kan sí èkejì, sì jẹ́ mílímítà 1. Ẹ fi ọwọ́ yí i wọ inú kíráǹkì dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó fi sípánà kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wọ́ṣà. Wọ́ṣà máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ihò, àwọ̀ rẹ̀ á sì jọ ti kíráǹkì nítorí ìdọ̀tí. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, púlà máa tì í dípò kó ti ásù, wọ́ṣà á máa ti kíráǹkì, ohun tó máa jáde níkẹyìn ni tíréèdì inú kíráǹkì. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀.

Bí tíréèdì yìí bá ti jáde, púlà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń yọ bẹ́árìn mọ́tò, tàbí èyí tí wọ́n fi ń yọ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, lè gbá ẹ̀yìn kíráǹkì mú. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, kí wọ́n fi ayùn irin ré kíráǹkì níbi tó tín-ínrín jù, kí wọ́n dúró kí ayùn tó kan ásù, kí wọ́n sì fi ṣísẹ́ẹ̀lì la ìyókù. Àwọn kan ní kí ẹ gùn ún bẹ́ẹ̀ láìsí nọ́ọ̀tì títí á fi dẹ̀ fúnra rẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, tí kíráǹkì nìkan jẹ́ búréèkì, mo kọ èyí pátápátá.

Ta ni kí ẹ gbé e lọ bá?

Mallam tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ dóńgóyárò mọ táyà, ó mọ sípóòkù, ọwọ́ rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tó bá lọ́wọ́ rẹ̀ láti kékeré, pín-ìn ni wọ́n fi ń di kíráǹkì rẹ̀, hámà ni wọ́n sì fi ń lé pín-ìn jáde. Ó ṣeé ṣe kí ó fẹ́ lo hámà náà fún èyí. Ẹ kí i dáadáa, ẹ sọ fún un pé "a hankali", ìyẹn "rọra" lédè Hausa, kí ẹ sì fún un ní iṣẹ́ sípóòkù. Nọ́ọ̀tì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ọ̀kadà.

Púlà ńlá àti ajórin tó ní sùúrù pọ̀ ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Apo àti Kugbo. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti tíréèdì ásù, ẹni tó wà ní Kaduna ní Panteka nítòsí, níbi tí àwọn oníṣẹ́ irin pọ̀ sí. Ẹ tú táyà kúrò lára férémù, òun nìkan ni kí ẹ gbé lọ.

Nọ́ọ̀tì tuntun

Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, bó ti wù kó rí. Àlàfo tíréèdì ni ìkẹ́kùn tó wà níbẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ ti bóòtù lára ásù onígun mẹ́rin, fún àpẹẹrẹ, M8 (tó fẹ̀ ní mílímítà 8) ni, àlàfo rẹ̀ sì jẹ́ 1.0, nígbà tí M8 tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 1.25. Méjèèjì á kọ́kọ́ wọlé díẹ̀, èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ á sì fá tíréèdì tí ẹ bá fi sípánà lé e. Ìka ni kí ẹ fi yí i. Tí kò bá wọlé bí yíyí mẹ́ta láìnílò sípánà, ẹ dá a padà.

Àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ti bàjẹ́ jẹ́ ibi tó dára láti rí nọ́ọ̀tì, bóòtù àti wọ́ṣà tó bá a mu. Ẹ má mú kíráǹkì wọn. Mílímítà 170 ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, ti ẹlẹ́sẹ̀ kan sì sábà máa ń wà láàárín 125 sí 150. Bí ẹ bá sì lo kíráǹkì òsì méjì nítorí ti ọ̀tún ní eyín ṣéènì, pẹ́dàlì ọ̀tún kò ní wọ̀ ọ́.

Ẹ dì í dé nǹkan bíi 35 sí 40 Nm. Ẹni tí kò ní sípánà tó ń ka agbára lè ro ó báyìí: ààbọ̀ àpò ìrẹsì, kílò 25, tí a so rọ̀ mọ́ ọwọ́ sípánà ní sẹ̀ǹtímítà 16 sí nọ́ọ̀tì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, páìpù kò sì sí nínú rẹ̀. Gíríìsì díẹ̀ lórí tíréèdì máa jẹ́ kó rọrùn láti tú ní ọdún tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gùn ún, ẹ tún fi sípánà kàn án, torí kíráǹkì máa ń jókòó wọlé sí i lórí ásù, nọ́ọ̀tì á wá dẹ̀ díẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí kíráǹkì ń dún kọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá yí padà láti iwájú sí ẹ̀yìn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ẹ má gùn ún délé. Alumíníọ̀mù rọ̀ ju ásù irin lọ. Bí ihò onígun mẹ́rin rẹ̀ bá ti fẹ̀, kò sí nọ́ọ̀tì tó lè dì í mú mọ́, kíráǹkì tuntun lẹ máa rà.